Ọjọ́ Tí O Ṣí I Ni Kí O Máa Kà

Ọmọ mi, dìde kí o lọ ṣí fíríìjì rẹ. Má wo ìkòkò ọbẹ̀, má wo ẹran. Ara ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí o wò, níbi tí o to àwọn ìgò sí. Máyónéèsì tí gbogbo wa ń pè ní Bama wà níbẹ̀, àbí? Jáàmù wà níbẹ̀. Ketchup tí ẹnu rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìdérí wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìgò ata díndín tí ọ̀rẹ́ rẹ tà fún ọ fara pamọ́ sẹ́yìn wọn. Bí mo bá bi ọ́ pé ọjọ́ wo lo ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí lo máa sọ? O máa yí ìgò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, o máa wá déètì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, o máa wá ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó bàjẹ́."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ni wọ́n kọ déètì yẹn fún. Lọ́jọ́ tí ìdérí rẹ̀ bá ti dún "tó" lọ́wọ́ rẹ, déètì ilé iṣẹ́ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Òǹkà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ ni òǹkà náà sì wà.

Mo ta ọjà profíṣọ̀n ní Ìkọ̀tún títí irun orí mi fi funfun, ojú mi sì ti rí nǹkan. Ẹni tó bá wá ra ìgò lọ́wọ́ mi, iye owó ló máa kọ́kọ́ bi mí. Àwọn tó lajú díẹ̀ a wo déètì. Ẹni tó máa bi mí pé, "Ìyá, bí mo bá ṣí i ńkọ́, ọjọ́ mélòó ló kù fún un?" ṣọ̀wọ́n bí ojú. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń pa oúnjẹ mọ́ sínú ìgò fún ọ. Ní ọdún 1810, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Nicolas Appert tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Ó ń kó oúnjẹ sínú ìgò, ó ń dí i pinpin, ó sì ń sè é tìgòtìgò nínú omi gbígbóná. Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ fún un ní 12,000 fúránkì nítorí ọgbọ́n yìí. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tí oúnjẹ náà kì í fi í bàjẹ́. Ìgbà tí Louis Pasteur dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ayé tó mọ̀ pé kòkòrò tí ojú kò rí ló ń ba oúnjẹ jẹ́. Iná pa èyí tó wà nínú ìgò, ìdérí kò sì jẹ́ kí òmíràn wọlé. Ìwọ wá ṣí ìdérí. O ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ẹ̀mí ẹnu rẹ wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ilé ìdáná rẹ wọ inú rẹ̀. Ohun tí iná ṣe ti tú nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan ń gbé lápá Ìgàndó, nítòsí ilé àbúrò mi. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kàwé ní LASU, àmọ́ etí rẹ̀ le. Ó ṣí sàdíìnì lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jẹ ìdajì, ó fi nylon búrẹ́dì bo agolo rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Oṣù kẹta ni, o mọ bí ooru Èkó ṣe máa ń rí nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ fi ìyókù mu gaàrí. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní kó dà á nù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Inú tèmi, irin ni. Ẹ̀yin ajẹbọ́tà lẹ máa ń ṣàìsàn." Ó tilẹ̀ tún un dín, kó lè fi hàn pé iná ti pa ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí orí ń fọ́ ọ, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí èébì sì gbé e dè. Àwọn ará ilé ti ń wá ẹni tó máa bá wọn bẹ ayé kí dókítà tó sọ fún wọn pé ẹja ni.

Ìgbéraga ló jẹ ẹja yẹn, ebi kọ́. Gbọ́ ohun tó ṣe é. Sàdíìnì, túnà àti Títúsì wà lára ẹja tí kòkòrò máa ń sọ nǹkan ara wọn di oró kan tí wọ́n ń pè ní histamine, bí wọ́n bá ti pẹ́ nínú ooru. Oró yẹn kò gbọ́ tiná. Sísè kò yọ ọ́, díndín kò yọ ọ́. Bákan náà ni oró tí kòkòrò Staphylococcus máa ń fi sílẹ̀ nínú oúnjẹ, ìyẹn kòkòrò tó ń ti imú àti ọwọ́ wa bọ́ sínú àwo. O lè gbé e kaná títí ilẹ̀ á fi ṣú, kòkòrò á kú, oró rẹ̀ á ṣẹ́ kù. Nítorí náà, má jẹ́ kí n gbọ́ lẹ́nu rẹ mọ́ pé, "Mo máa gbé e kaná, kò ní ṣe nǹkan kan." Bí o bá ṣí agolo tí o kò jẹ ẹ́ tán, da ìyókù sínú rọ́bà mímọ́ tó ní ìdérí, gbé e sínú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, kí o sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó bá ti kọjá wákàtí méjì níta, dà á nù. Bí ooru bá mú kọjá 32°C, wákàtí kan péré ni.

Fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ ni mo sọ o. O gbọ́ ohun tí mo wí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi wà ní Peckham, ní London. A sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní kó ju Bama kan nù, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ṣí i." Òótọ́ ló sọ, ní ilé tirẹ̀. Láti ìgbà tó ti ra fíríìjì yẹn, kò tíì sinmi rí. Ìwọ tí o wà ní Ìdímù ńkọ́? Ìwọ tí o wà ní Ayọ̀bọ̀, ní Ìjẹ̀gùn, ní Àkẹ̀sán? Nínú ètò tí àjọ NERC gbé kalẹ̀ fún iná mànàmáná, ẹni tó bá wà ní Band A ló yẹ kó rí iná fún ogún wákàtí lóòjọ́. Band C, wákàtí 12. Band E, wákàtí mẹ́rin. Àwọn tó kọ "ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ" sára ìgò kò mọ Band E. Fíríìjì tó tutù tó 4°C ni wọ́n fi ṣírò, tí òtútù rẹ̀ kì í yẹ̀. Iná tí o rí ni kí ìwọ fi máa ṣírò tìrẹ.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí o kò sì ṣí fíríìjì rárá, òtútù inú rẹ̀ lè dúró fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá ń ṣí i wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá pé ṣé omi ṣì tutù, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí òtútù bá ti lọ, ọbẹ̀, mílíìkì tí o ti ṣí, tòmátì inú ìgò tí o ti ṣí àti oúnjẹ ọmọdé kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí méjì mọ́. Bama ní fínígà nínú, ó lágbára jù wọ́n lọ díẹ̀: bí ooru inú fíríìjì bá ti kọjá 10°C fún ju wákàtí mẹ́jọ lọ, kó máa lọ. Ketchup, jáàmù, mústáàdì, ẹ̀pà lílọ inú ìgò, ìwọ̀nyí lè fara dà á. Iyọ̀, ṣúgà àti fínígà inú wọn kì í jẹ́ kí kòkòrò rọ́nà gbà.

Èyí ló ń mú kí ọjọ́ wọn yàtọ̀ síra. Oyin kì í bàjẹ́ bí omi kò bá kàn án. Bó bá dì, gbé ìgò rẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ketchup tí o ti ṣí lè lo oṣù mẹ́fà nínú òtútù, ṣùgbọ́n níta, oṣù kan ni kí o fún un. Jáàmù náà lè tó oṣù mẹ́fà nínú òtútù, bí ṣíbí rẹ bá mọ́. Bí o bá rí i tó bu, má fi ṣíbí ha orí rẹ̀ kúrò kí o máa jẹ ìsàlẹ̀. Ohun tí ojú rẹ rí lókè ti ní gbòǹgbò nísàlẹ̀. Ẹ̀pà lílọ, oṣù méjì sí mẹ́ta nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Òun náà, bó bá bu, má ṣe bá a dọ́gbọ́n kankan, nítorí oró tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bu, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ẹ̀pà tó ní oró yẹn nínú ni wọ́n fún àwọn tòlótòló jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1960, tí wọ́n fi kú tó bí ọ̀kẹ́ márùn-ún. Tòmátì inú ìgò tí kò ní nǹkan mìíràn nínú, ọjọ́ márùn-ún nínú òtútù, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bama ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ló ń dójú ti ìdílé ní àdúgbò wa.

Ìyá kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, àgbà olóúnjẹ ni. Láti Akọ́wọ́njọ títí dé Ìyànà Ìpájà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣègbéyàwó, òun ni wọ́n máa ń pè. Ó dàgbà, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó fa iṣẹ́ lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Ọmọ yìí mọ oúnjẹ sè. Kò ní sùúrù ni. Lọ́jọ́ ìnáwó ńlá àkọ́kọ́ tó gbà, ó fẹ́ tètè ṣe tán kí wọ́n lè bá a wé gèlè, kó sì ya fọ́tò. Ó po sàláàdì pọ̀ mọ́ Bama láti ìdájí: kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún, ẹyin, gbogbo rẹ̀. Ó dà á sínú kúlà, kò fi áìsì sí i. Aago méjì ọ̀sán kọjá kí wọ́n tó bù ú fún èèyàn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé.

O mọ̀ pé kò sí ẹni tó dárúkọ ọmọ náà? Orúkọ ìyá ni wọ́n ń pè. "Ṣé ìyá tí a mọ̀ yẹn ló se èyí?" Orúkọ tí ìyá fi èéfín iná igi kọ́, ọmọ fi àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo wó o. Ìyá náà kì í po sàláàdì nílé rí. Ìgò Bama tí kò tíì ṣí ló máa ń gbé lọ síbi ìnáwó. Kábéèjì á wà nínú áìsì, ẹyin á wà lọ́tọ̀, ìgbà tí alága ìjókòó bá ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ bọ̀ ló tó máa ṣí ìgò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa ráhùn pé ó ń fa nǹkan. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Fínígà inú Bama lè pa ara rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò lè pa ọ̀dùnkún àti ẹyin tí gbogbo ọwọ́ ti fọwọ́ kàn mọ́ nínú oòrùn.

Nínú ilé rẹ, bí iná bá ń dúró, oṣù méjì ni kí o fún Bama tí o ti ṣí. Bí iná kò bá dúró, má ra ìgò ńlá. Mo mọ̀ pé ìgò ńlá wù ọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń dára lójú bí àlejò bá ṣí fíríìjì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń to ìgò bí ẹni ń to ife ẹ̀yẹ. Ra kékeré, tàbí kí o ra ti sáṣẹ́ẹ̀tì, kí o lò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kò tì mí rí láti tà á fún olówó, kò sì yẹ kí ojú tì ọ́ láti rà á. Ẹni tó ra ńlá tó wá ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn tó ti bàjẹ́ nítorí owó tó fi rà á, ó ti san owó lẹ́ẹ̀mejì: ó san án fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó tún lọ san án fún dókítà.

Ṣíbí ńkọ́? Má lá ṣíbí kí o tún dá a padà sínú ìgò. Má fi ṣíbí tútù bu ẹ̀pà lílọ tàbí oyin. Má fi ọ̀bẹ tó ti kan búrẹ́dì wa jáàmù. Ìyá rẹ ti sọ ọ́ fún ọ rí, èmi náà ń tún un sọ.

Ó wá kan ata díndín. Ọmọ mi, farabalẹ̀ síbí.

Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ Alímọ̀ṣọ́ tó ń ṣe ata díndín, ayamaṣe àti ata ẹ̀wà aganyin sínú ìgò tó mọ́ lóló, tí wọ́n ń lẹ orúkọ mọ́ ọn, tí wọ́n ń fi ọlọ́kadà ránṣẹ́ sí oníbàárà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹ̀san wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kan nígbà kan, àyà mi já: wọ́n ní ó lè lo oṣù mẹ́ta láìsí fíríìjì, nítorí pé epo bò ó lórí. Mo pe ọmọ tó ni ín. Ó ní, "Ìyá, ṣebí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Epo ló ń pa á mọ́."

Irọ́ kọ́ ni pé àwọn ìyá wa máa ń jẹ́ kí epo léfòó. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Àwọn ìyá wa ń gbé ọbẹ̀ wọn kaná láàárọ̀, wọ́n ń gbé e kaná lálẹ́, lójoojúmọ́, kó tó di pé ó kan. Iná yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Bí ìyàwó ilé bá gbàgbé iná alẹ́ ọjọ́ kan, ọbẹ̀ á kan ní àárọ̀, epo ibẹ̀ kò ní gbà á. Ẹ̀yin mú epo, ẹ fi iná sílẹ̀.

Ohun tó burú jùyẹn lọ ni pé kòkòrò kan wà tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá, Clostridium botulinum ni orúkọ rẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó ń bá àlùbọ́sà, áyù àti ata wọlé. Irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi tó ń hó. Ó di kí ooru dé 121°C, bí ti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tàbí ìkòkò tí wọ́n ń dí pinpin kí ooru má lè jáde, kó tó kú. Tí o bá wá da epo bò ó, tí o dé e pinpin, tí o gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ilé lo kọ́ fún un yẹn. Ohun kíkan bíi fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ tó pọ̀ tó lè dá a dúró. Tàtàṣé àti áyù nìkan kò kan tó. Oró tí kòkòrò yìí ń pọ̀ wà lára àwọn oró tó le jù lọ láyé. Nígbà mìíràn kì í rùn, kì í yí adùn padà.

Má rò pé ọ̀rọ̀ aláìmọ̀wé ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, àwọn èèyàn lọ jẹun ní ilé ọtí kan. Sàdíìnì tí onílé ọtí náà fọwọ́ ara rẹ̀ dì sínú ìgò ni wọ́n jẹ. Ó lé ní mẹ́wàá nínú wọn tó dèrò ilé ìwòsàn, obìnrin kan sì kú. Ilẹ̀ Appert ni o, níbi tí ọgbọ́n ìgò ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá ń ta ata inú ìgò, tàbí o ń rà á, ata tí a fi ọwọ́ dín nílé, inú òtútù ni ibùgbé rẹ̀ láti ọjọ́ tó kúrò lórí iná. Èyí tó ní ẹran, ẹyin, pọ̀nmọ́ tàbí ẹja nínú, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, fi í sínú fíríísà kó dì. Èyí tó bá fẹ́ lo oṣù mélòó kan lórí àtẹ, gbé e lọ sọ́dọ̀ NAFDAC, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà. Ó ń náni lówó, ó ń gba àkókò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ bàbá rẹ lo lẹ̀ mọ́ ara ìgò yẹn. Ìkánjú rẹ kò gbọdọ̀ tó èyí tó máa sin orúkọ náà pọ̀ mọ́ òkú olókùú.

Kòkòrò botulinum yìí kan náà ló mú mi sọ ohun tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi kan kò ní fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ oyin níbi ìsọmọlórúkọ ni. Ní ọjọ́ kẹjọ, a máa ń gbé oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi kalẹ̀, a sì ń fi oyin kan ahọ́n ọmọ pé kí ayé rẹ̀ dùn. Àṣà rere ni, èmi náà jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn kòkòrò náà lè wà nínú oyin, àní nínú ojúlówó oyin. Ikùn àgbàlagbà lè borí rẹ̀. Ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò lè borí rẹ̀. Á hù nínú ìfun rẹ̀, á máa pọ oró, ọmọ á dẹ̀ jọ̀bọ̀, ẹkún rẹ̀ á rẹlẹ̀, kò ní lè mu ọmú. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń sọ pé ọmọ kò gbọdọ̀ fi oyin kan ẹnu títí á fi pé oṣù 12.

Bí a ṣe ń ṣe é ní ilé tiwa báyìí nìyí: àgbà á gbé oyin sókè, á fi wúre, ìyá ọmọ á tọ́ ọ wò, bàbá ọmọ á tọ́ ọ wò, àwo á sì yí gbogbo àwùjọ ká bí ó ti máa ń yí i ká tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹnu á ṣe àmín. Ahọ́n ọmọ nìkan ni kò kàn. Bí àna rẹ bá ní o fẹ́ ba àṣà jẹ́, kúnlẹ̀, ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì di ọmọ rẹ mú ṣinṣin. Bí ọmọ náà bá pé ọdún kan, ẹ fún un ní oyin, kó lá a tẹ́rùn.

Mílíìkì ọmọ tó jẹ́ lúbúlúbú, oṣù kan péré ni lẹ́yìn tí o bá ṣí agolo rẹ̀, bó tilẹ̀ ṣẹ́ kù ìdajì. Má gbé agolo náà sínú fíríìjì. Ibi gbígbẹ ló fẹ́. Èyí tí o pò tí ọmọ mu kù, wákàtí kan, kí o dà á nù. Bí o bá ń fi oúnjẹ inú ìgò bọ́ ọmọ, bu ìwọ̀n tó máa jẹ sínú àwo. Ṣíbí tó bá ti wọ ẹnu ọmọ kò gbọdọ̀ padà sínú ìgò.

Ní ọjà, la ojú rẹ. Má ra ìgò tí wọ́n tò sínú oòrùn láti àárọ̀, bó tilẹ̀ dínwó. Ìdérí tó wú sókè, má rà á. Ìgò tí àárín ìdérí rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹnìkan ti ṣí i ṣáájú rẹ tàbí kí afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n fi nǹkan pa déètì rẹ̀ rẹ́, sá fún un. NAFDAC ti mú irú àwọn ọlọ́jà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì tíì tán. Mílíìkì tí wọ́n bù sínú ọ̀rá, bi ọlọ́jà léèrè ọjọ́ tó já agolo rẹ̀. Bó bá bínú, bá tìrẹ lọ.

Nílé, ra bírò onítàdáwà kan tí kì í parẹ́, so ó mọ́ ara fíríìjì. Ọjọ́ tí o bá ṣí ìgò, kọ ọ́ sórí ìdérí kí o tó fi ṣíbí kàn án. Ohun tí o kò bá rántí ọjọ́ rẹ̀, má ṣe tọ́ ọ wò kí o lè mọ̀. Dà á nù. Ọ̀pọ̀ oró kì í rùn, ahọ́n rẹ kì í sì í ṣe dókítà.

Bí ó bá ti wá ṣẹlẹ̀, tí inú ń run ọ́, tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru dé, omi ni kí o kọ́kọ́ wá. Lítà kan omi mímọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí o gé orí rẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Máa mu ún díẹ̀díẹ̀, má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ibà bá gbóná, bí ọmọdé tàbí aláboyún bá ni, má dúró di ọ̀la. Bí o bá ń rí nǹkan ní méjì méjì, bí ìpéǹpéjú rẹ bá ń já wálẹ̀, bí ahọ́n rẹ bá wúwo tí omi kò sì lọ lọ́fun, má lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, má ra ògùn ìgbẹ́ gbuuru. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Sọ ohun tí o jẹ àti ọjọ́ tí o jẹ ẹ́ fún dókítà láìtijú. Má fọ ìgò náà, má jù ú nù. Dé e, fi í sínú ọ̀rá, kí o gbé e dání lọ.